Ẹyẹ Tí Mo Kà fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí àwọn oníbàárà mi máa gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aránṣọ kejì tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ títí di Oṣù Kọkànlá. Ó dùn mí díẹ̀, torí oníbàárà tó bá ti mọ ọ̀nà ilé aránṣọ mìíràn kì í tètè padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe aṣọ tá a lè fi kọ́ ògiri pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Orí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń mí, àyà rẹ̀ a máa dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ti sọ ọ́ fún àwa méjèèjì láìfi bò: ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, atẹ́gùn etíkun kò sì gbọdọ̀ kàn án mọ́. Ó lè rí ọdún tuntun, ó sì lè má rí i.

"Abẹ́rẹ́," ó ní. Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. "Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ka àwọn ẹyẹ tó ń ti ilẹ̀ òtútù bọ̀. Nígbà tí mo ṣì ń pín lẹ́tà, mo kà wọ́n. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kà wọ́n. Mi ò pa ìgbà ìwọ́wé kan jẹ rí. Ìwọ lo máa bá mi ka tọdún yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mi ò mọ àṣá yàtọ̀ sí àwòdì?"

"Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ẹ́, o ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò. Ojú wo lo tún ń wá?"

Mo gba awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kẹsàn-án

Bàtà rọ́bà ẹ̀gbọ́n mi tóbi jù fún mi. Mo ki ìbọ̀sẹ̀ méjì sí i nímú. Mo ti kọ́kọ́ yà wo tuntun ní ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Nígbà tí wọ́n dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á, mo rọra dá a padà sórí pẹpẹ bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

Ibi mẹ́ta la ti ń kà: ògiri òkúta, ẹnu odò, àti ìdí afárá tó ti já. Bí omi òkun bá ti ń kún tó ń bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ẹyẹ a máa sún mọ́ yanrìn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi wà níwájú ẹni. Ìgbà náà lèèyàn á gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, á máa kà wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá, á sì máa fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rọ ìkà kékeré tó wà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún wọn lórúkọ. Ẹlẹ́nu-Dòjé, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tó sọnù tó ń súfèé béèrè ọ̀nà. Ẹlẹ́sẹ̀-Pupa, tó máa ń pariwo bí obìnrin tí wọ́n jí ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Asáré-Etí-Omi, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ń lé ìgbì, tí ìgbì náà ń lé e.

Mo kà, mo ṣì í, mo tún un kà. Ajá kan já wọ àárín wọn, gbogbo wọn fò lọ. Bàbá Alájá ló ni ín, ọkùnrin kan tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jà sí ọ̀rọ̀ ajá yìí láti bí ọdún mẹ́wàá. Ó ní kí n má bínú, pé ajá òun ò gbọ́ èdè kankan.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án

Kùrukùru bolẹ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ó ká.

Asáré-Etí-Omi, 340. Kí n tó jáde nílé ni mo ti yẹ ìwé ọdún tó kọjá wò: ọjọ́ kan náà, ibi kan náà, 2,115. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mo dúró títí omi fi kún tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. 340 náà ni.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti na ọrùn bí ọmọ tó ń retí ìyá rẹ̀ tọjà bọ̀. Tíì rẹ̀ ti tutù, kò fọwọ́ kan búrẹ́dì. Láti ìjẹta ni kò ti jẹun gidi.

"Mélòó?"

Mo la ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ ló jáde.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé díẹ̀."

Ojú rẹ̀ là. Ó fa búrẹ́dì mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ṣé kò ku òmíràn.

Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti pinnu pé mà á sọ òtítọ́ fún un lónìí. Ó jẹ ẹyin méjì láàárọ̀. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pe ọ́fíìsì tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹyẹ etíkun, láti ka iye ọ̀sẹ̀ fún wọn. Mo dúró sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, mo ń nu àwo tó ti gbẹ. Mo gbọ́ tó ń ka irọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin bí ìgbà tó ń jíṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà onílé. Mi ò rò pé ó máa dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan. Mo rò pé àárín èmi àti òun ni.

Iye tí mo rí gan-an, inú ìwé yìí ni mò ń kọ ọ́ sí. Ẹlẹ́nu-Dòjé 22, Ẹlẹ́sẹ̀-Pupa 71, Asáré-Etí-Omi 298.

Bàbá Alájá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní láti bí oṣù márùn-ún ni ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin ti ń wá pẹ̀lú irin gígùn tó ń ha ẹrẹ̀, tó ń fa gbogbo ìṣáwùrú inú rẹ̀ jáde. "Ohun táwọn ẹyẹ yín ń jẹ ni wọ́n ń kó lọ," ó ní. "Ẹni tó dé ilé oúnjẹ tó bá ìkòkò lófìfo, ṣé á jókòó?"

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà nílé.

Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi wọ̀n ọ́n. Ó fi díẹ̀ sanra sí i. "Bàbá, oúnjẹ ń wọlé o," ó ní.

"Àbúrò mi ló ń gbé e wá láti etíkun. Ó rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lánàá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Nọ́ọ̀sì. Ẹyẹ tó fò láti òkè ayé wá, tí kò sùn, tí kò bà."

Nọ́ọ̀sì kí mi kú iṣẹ́. Mo dá a lóhùn. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo jókòó sí etí báàfù fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Ẹlẹ́nu-Dòjé 19. Mo sọ fún un pé 160.

Ọjọ́ ọgbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án

Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tò sórí wáyà láàárọ̀. Nígbà tí mo fi padà dé, wáyà ti ṣófo.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣí fèrèsé díẹ̀. Mo rán an létí ohun tí dókítà sọ. Ó ní kí n ṣáà ṣí i. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dẹ etí sí ọ̀nà etíkun, ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Tì í." Mo tì í. Mo bi í bóyá èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́; ó ní rárá, ara òun ni.

Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ burúkú.

Ọmọbìnrin ọ́fíìsì tó máa ń gba iye lórí fóònù wá fúnra rẹ̀. Ó gbé èso wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fa àga mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Etíkun márùn-ún la ń kà lọ́dún yìí, tiyín nìkan ni ẹyẹ ò ti dín. Ìyẹn gan-an ni mo bá wá. Ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn ọkọ̀ ojú omi láṣẹ ti rí iye yín. Wọ́n ní bó bá rí báyìí, á jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń ha ẹrẹ̀ ò pa ẹyẹ lára. Wọ́n fẹ́ fún ọkọ̀ mẹ́fà mìíràn láṣẹ."

"Ọkọ̀ wo?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi náà wò mí.

"Abẹ́rẹ́, ọkọ̀ wo?"

Mo wà lórí ìdúró, mo gbé àwo èso dání. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Wọn ò pọ̀. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá ni wọn ò ti pọ̀. Ẹ ò jẹun nígbà yẹn. Mo fi kún un kẹ́ ẹ lè jẹun."

Mo rò pé á pariwo mọ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Kò pariwo. Ó wo fèrèsé, ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá dẹ etí, mi ò gbọ́ wọn. O ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Mo rò pé etí mi ló ń kú tẹ̀ lé ẹ̀dọ̀fóró."

Lẹ́yìn ìyẹn ó di ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dìde jẹ́ẹ́, ó mú báàgì rẹ̀.

Ọjọ́ keje, Oṣù Kẹwàá

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹwàá

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó bá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó jẹ ọbẹ̀ ṣíbí mẹ́ta.

Mo kà. Asáré-Etí-Omi 207. Mo wọlé, kò béèrè. Mo kọ iye náà sórí ìwé péńpé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí kò ní ọjọ́ púpọ̀ nílẹ̀, mo ti gba mẹ́ta níbẹ̀. Irọ́ tí mo pa kí ara lè tù ú ló gbà á.

Nígbà tí mo gbé tíì wá, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí igi gbígbẹ.

"Mo bínú sí ẹ gan-an," ó ní.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Bí èèyàn bá ń kú, wọn kì í sọ fún dókítà pé ara rẹ̀ le. Àwọn ẹyẹ yẹn ò lẹ́nu tí wọ́n lè fi sọ pé ebi ń pa àwọn. Iye yẹn lẹnu wọn." Ó mí títí. "Pe ọ́fíìsì. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o pè wọ́n, má fi rán mi. Sọ gbogbo rẹ̀."

Mo pè wọ́n. Àyà mi ń já bí ìgbà tí mo gé aṣọ ìyàwó kúrú lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbọ́ mi títí dé òpin. Mo ní mo ní ìwé kan tí mo ń kọ iye tòótọ́ sí, pé mo lè kà á fún un.

"Màmá, mo gbà yín gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ò lè gbà á. Ẹni tó bá ti ní ìwé méjì, wọn ò ní béèrè èwo ni òtítọ́. Oṣù Kẹsàn-án máa wà lófìfo. Ní ti Oṣù Kẹwàá, mà á wá bá yín kà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí iye tiyín àti tèmi bá dọ́gba, á jẹ́ ká lè lo èyí tó kù."

"Àwọn ọkọ̀ mẹ́fà yẹn ńkọ́?"

"Mà á ní kí wọ́n ṣì dúró ná. Mi ò lè ṣèlérí."

Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n, ihò wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo lu ihò náà. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó mi orí, ó kojú sógiri.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kẹta tí èmi àti ọmọbìnrin náà jọ kà. Òtútù tó ń gé ni létí. Ó dúró sí apá kan ògiri òkúta, mo dúró sí apá kejì, a ò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi kà tán. Asáré-Etí-Omi tòní: tirẹ̀ 188, tèmi 186. Ó ní, "Màmá, ojú yín mú ju tèmi lọ. Méjì yẹn, kò tiẹ̀ dá mi lójú." Ó ti fọwọ́ sí i.

Bàbá Alájá ti fi okùn sí ajá rẹ̀ lọ́rùn láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní ajá náà ti ń gbọ́ èdè díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ sí etíkun. Mo pe Nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn o. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ń jáde, ẹ fi nǹkan bò wọ́n lẹ́nu àti àyà dáadáa."

Bàbá Alájá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Òun àti èmi gbé ẹ̀gbọ́n mi láàárín wa. Kò wúwo ju aṣọ tí mo máa ń gbé láti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ lọ. Ajá wà lẹ́yìn, ó gbórí lé èjìká ẹ̀gbọ́n mi látẹ̀yìn àga. Ọ̀tá ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi kò lé e.

A gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta, mo sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Omi ń kún. Kò sí nǹkan kan lójú ẹrẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń bẹ̀rù pé a máa padà báyìí náà. Lẹ́yìn náà Ẹlẹ́nu-Dòjé kan gbéra lápá ẹnu odò, ó fò kọjá níwájú wa, ó súfèé rẹ̀ gígùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá etí ara rẹ̀ mú. "Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Abẹ́rẹ́, mo gbọ́ ọ kedere."

"Ó súfèé lẹ́ẹ̀mejì, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹ̀kẹta ò le."

Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Èmi ni mi ò gbọ́ ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi kú lónìí, ní aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti sọ iye àárọ̀ fún un, ó ti gbọ́. Ó ní kí n bá òun gbé ìrọ̀rí òkè sókè díẹ̀. Nígbà tí mo fi gbé e sókè tán, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá

A sin ín lánàá. Àwọn tó bá a pín lẹ́tà nígbà ayé rẹ̀ ló gbé pósí, wọ́n ti darúgbó, wọ́n dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi pín àdúgbò etíkun nígbà mìíràn, pé kò sígbà tí lẹ́tà àdúgbò yẹn kì í pẹ́, torí ó ti rí ẹyẹ lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni ẹkún tó gbé mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò kà.

Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kọkànlá

Mo ń kó aṣọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo rí bí wọ́n ṣe ya lápá, lórúnkún, gbogbo ibi tó máa ń fi ara gbá òkúta. Èmi aránṣọ, kò gbé ọ̀kankan wá fún mi rí kí n bá òun lẹ̀ ẹ́. Èmi náà kò sì béèrè. Mo jókòó, mo lẹ gbogbo wọn tán kí n tó fi wọ́n tọrẹ. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni.

Láàárọ̀: Asáré-Etí-Omi 141. Mo dé ilé, mo ṣílẹ̀kùn, ẹnu mi ti fẹ́ pe iye náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá

Ìjì. Nǹkan kan ò bà sílẹ̀. Mo kọ òdo.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kọkànlá

Òní la parí. Ẹlẹ́nu-Dòjé 11, Ẹlẹ́sẹ̀-Pupa 46, Asáré-Etí-Omi 122. Ó kéré jùlọ nínú gbogbo ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe nítorí pé mo rò pé mo ṣì í.

Mo pe ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin náà gba iye, ó sì kà á padà fún mi. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lẹ́yìn ọdún tuntun; iye Oṣù Kẹwàá ti dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n ti dá ọkọ̀ mẹ́fà yẹn dúró. Ti mẹ́rin tó wà nílẹ̀, òun ò tíì mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Níwájú oṣù kọ̀ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó kà á. Mo ń rò ó pé kí n fi orúkọ Bàbá sí gbogbo rẹ̀, kó lè pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún wọn."

"Oṣù Kẹsàn-án náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní sí iye níbẹ̀, orúkọ nìkan ló máa wà."

Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìrọ̀rí ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n tìmùtìmù rẹ̀ ṣì tẹ̀ wọnú níbi tó máa ń jókòó sí.

"Ẹ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí Oṣù Kẹwàá," mo ní. "Ó wà láàyè fún èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbọ́ iye rẹ̀ létí ara rẹ̀. Ẹ kọ tèmi sí Oṣù Kọkànlá, ẹ sì kọ ọ́ sí Oṣù Kẹsàn-án."

"Màmá, ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ iwájú á rò pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

"Èmi ni."

Ó ní kí n pe orúkọ mi fún òun dáadáa, orúkọ àti ti bàbá. Mo rọra pè é, mo sì gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.